Gegele Ẹ̀yìnkùlé

Ẹ̀wà ni wọ́n ń jà lé lórí láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ẹ̀wà tí omi wọ̀, tó ti ń yọ ẹnu funfun nínú apẹ̀rẹ̀, ni Àtọ́kẹ́ fẹ́ fi dín àkàrà sàárà. Èjìdé ní kò ní í ṣẹlẹ̀, pé ẹni tó bá fẹ́ ṣe sàárà kó wá ẹ̀wà tó dára, àbí kó jókòó jẹ́ẹ́. Àtọ́kẹ́ ní ibo ni wọ́n fẹ́ kí òun ti rí i? Ṣé wọn ò mọ̀ pé gbogbo oúnjẹ inú ilé ni odò Kúdẹtì ti gbá lọ fún àwọn ará ìsàlẹ̀ ni? Ó ní òun á bó o, òun á lọ̀ ọ́ kúnná, ata àti iyọ̀ á bo ìyókù mọ́lẹ̀, kò sí àlùfáà tó máa mọ̀. Èjìdé ní Ọlọ́run ńkọ́, ṣé ata ni yóò fi bo ojú Òun náà?

Sàláúdéènì, baálé ilé náà, ń gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti inú ọ̀ọ̀dẹ̀. Àtọ́kẹ́ ni ìyàwó rẹ̀. Èjìdé ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, opó tó padà sílé bàbá rẹ̀ lọ́dún tí rélùwéè kọ́kọ́ dé Ìbàdàn, tí kò sì sí ẹni tó láyà láti sọ fún un pé kó dákẹ́. Lọ́jọ́ mìíràn, Sàláúdéènì ì bá ti wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan, ariwo ì bá sì ti tán. Lọ́jọ́ yìí kò wúkọ́. Ó jókòó sórí ẹní tí kò tíì gbẹ dáadáa, ó ń wo ibi tí omi fàlà sí lára ògiri. Ìlà náà ga tó àyà àgbàlagbà. Mọlémọlé ni, iṣẹ́ ògiri ló fi ń bọ́ ọmọ, bó bá sì ti wo ògiri báyìí, ó mọ èyí tó máa wó kí oṣù tó tán àti èyí tó ṣì máa dúró. Ó ti ka mẹ́ta tó máa wó nínú ilé tirẹ̀.

Ọjọ́ kẹjọ nìyẹn tí Kúdẹtì ti wọ Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú. Ilé mẹ́sàn-án ló bà jẹ́. Ewúrẹ́, adìẹ, odó, àpótí aṣọ, ohun tí èèyàn fi gbogbo ayé rẹ̀ kó jọ, gbogbo rẹ̀ ló bá omi lọ. Ẹnì kan ṣoṣo ló kú níbẹ̀, Sàlámì, ọmọ ọdún mẹ́ta, ọmọ Àkíbù tó jẹ́ àbúrò Sàláúdéènì. Ìyá ọmọ náà, Àṣàkẹ́, ni wọ́n sì fẹ́ lé lọ lónìí, bí sàárà bá ti parí.

Wọn ò pè é ní lílé o. Ilé ọmọlúwàbí ni, wọn kì í lé ìyàwó níbẹ̀. Wọ́n ní kó lọ fara balẹ̀ díẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn èèyàn rẹ̀ ní Pópó Yemọja. Ẹ̀yin náà mọ irú ìfarabalẹ̀ bẹ́ẹ̀. Obìnrin tó bá di ẹrù lọ síbẹ̀, ilé ọkọ mìíràn ló kù tí yóò wọ̀, bí orí bá bá a ṣe é. Àbúrò bàbá rẹ̀ ń bọ̀ lọ́sàn-án láti wá mú un, Sàláúdéènì ló sì máa la ẹnu sọ fún un pé kó máa lọ, torí òun ni baálé. Kò sí ìyàwó tó ń wọ ilé náà tàbí tó ń jáde níbẹ̀ bí kò bá ti ẹnu rẹ̀ wá.

Ẹ̀ṣẹ̀ Àṣàkẹ́ kò ju pé kò sí nílé lọ. Aláró ni. Lọ́sàn-án ọjọ́ òjò náà, ó ti sá aṣọ oníbàárà méje sórí àpáta lápá Màpó. Nígbà tí ojú ọ̀run ṣú, ọmọ ń sùn, ó ní kí òun sáré lọ kó aṣọ olóhun kí òjò má fọ aró kúrò lára rẹ̀. Kó tó padà dé, omi ti kún ilé. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà tí wọ́n rí ọmọ lábẹ́ igi ọ̀gẹ̀dẹ̀ nísàlẹ̀ odò, gbogbo àdúgbò rọ́ dé, wọ́n ń béèrè pé báwo ló ṣe jẹ́. Kí Sàláúdéènì tó mọ ohun tó ń sọ, ó ti dáhùn pé, “Ìyá rẹ̀ ni kò sí nílé.”

Òótọ́ ni, kò parọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ṣe ń rìn ní Ìbàdàn. Ní ọjọ́ kejì ó ti dé Àrẹ̀mọ, wọ́n ti ń sọ pé Àṣàkẹ́ fi ọmọ sílẹ̀ lọ kó aṣọ. Nígbà tó máa fi dé Ọjà'ba, wọ́n ní ó rí omi tó ń bọ̀, ó yan aṣọ. Àwọn obìnrin tí wọ́n jọ ń re aró ò jókòó tì í mọ́. Wọ́n ń kí i láti òkèèrè. Kò sì sí ẹni tó béèrè ibi tí àwọn yòókù nínú ilé wà lọ́jọ́ náà, àwọn ọkùnrin, àwọn àgbà, ẹ̀yin náà ẹ gbọ́ o. Ìyá ọmọ ni wọ́n ń bi.

Nígbà tí ìjà ẹ̀wà kò tán, Sàláúdéènì dìde, ó gba ẹ̀yìnkùlé jáde. Ibẹ̀ ni ohun tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn wà.

Láàárín ilé wọn àti odò, gegele gbọọrọ kan wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ó ga ju èèyàn lọ, igi ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó. Bàbá wọn ti sọ kó tó kú pé ọkọ́ ò gbọdọ̀ kan ilẹ̀ náà. Kò sọ ìdí rẹ̀. Àwọn baba ìgbà náà kì í sọ ìdí, èèwọ̀ ni wọ́n máa ń pè é, ó parí. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, Sàláúdéènì gba iṣẹ́ ilé oníṣòwò kan ní Bẹẹrẹ, ọkùnrin náà sì fẹ́ kí ògiri ga kí òjò tó dé. Àrẹ̀mọ ni gbogbo mọlémọlé ti ń gbẹ́ amọ̀. Ó jìnnà, orí ni wọ́n fi ń rù ú. Amọ̀ tó wà nínú gegele yìí pupa, ó fà, kò ní òkúta kankan nínú. Ó wò ó títí, ó ní èèwọ̀ wo ló wà lára erùpẹ̀? Òun àti alágbàṣe méjì gbẹ́ ẹ fún ọjọ́ mẹ́sàn-án lábẹ́ igi ọ̀gẹ̀dẹ̀, níbi tí ojú àdúgbò kò dé. Nígbà tí wọ́n ṣe tán, gegele ti já láàárín, ihò náà fẹ̀ tó ẹnu ọ̀nà méjì. Àwọn alágbàṣe gba ìlú wọn lọ. Sàláúdéènì ní òun máa fi erùpẹ̀ ààtàn dí i kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Ó ń sọ ọ́ fún ara rẹ̀ lójoojúmọ́. Òjò ọdún yẹn kò dúró dè é.

Omi ò borí gegele wọlé. Ihò yẹn ló gbà. Yàrá ẹ̀yìn tí Sàlámì ń sùn sí ló kọ́kọ́ bá pàdé, láti ibẹ̀ ló ti gba ojúde kọjá lọ sínú ilé mẹ́jọ yòókù. Bó sì ṣe ń lọ, ó jẹ gegele náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, tó fi jẹ́ pé ẹni tó bá débẹ̀ báyìí kò lè mọ̀ pé ọkọ́ ti kàn án rí. Sàláúdéènì rò pé òun nìkan ló mọ̀. Ọkọ́ tó fi gbẹ́ ibẹ̀ ló fi gbẹ́ ibi tí wọ́n tẹ́ ọmọ náà sí, torí kò sí ọkọ́ mìíràn tí omi fi sílẹ̀. Bó ti ń gbẹ́ ẹ lọ́jọ́ náà ni ó ń rò ó pé òun máa sọ ọ́ tí àwọn bá délé. Wọ́n délé, kò sọ ọ́. Ó ní ó di ọjọ́ kẹta. Ọjọ́ kẹta kọjá.

Ẹ̀yìnkùlé yẹn ni Àkíbù bá a láàárọ̀ yìí. Oko ni Àkíbù wà láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, ìròyìn ikú ọmọ rẹ̀ ló mú un wá sílé. Ó dọ̀bálẹ̀ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó dìde, ó dúró tì í. Ó ní Àṣàkẹ́ ò sunkún. Ó ní láti ọjọ́ tí òun ti dé, ó kàn ń wo òun ni, ó ń gbé oúnjẹ fún òun, ó ń kó abọ́. Àwọn èèyàn ní ẹni tí kò bá sunkún ọmọ rẹ̀, kí wọ́n ṣọ́ra fún un. Òun ò mọ ohun tí òun máa ṣe.

“Ẹ̀gbọ́n mi,” ó ní, “ẹnu yín ni mo ń wò. Tí ẹ bá ní kó má lọ, kò ní í lọ.”

Ọ̀rọ̀ nìyẹn, ó dé ọrùn. Sàláúdéènì la ẹnu, ohun tó sì jáde ni pé kí wọ́n ṣe sàárà tán ná. Àkíbù mi orí. Ó yíjú sí odò tó ti padà di kékeré, tó ń ṣàn jẹ́ẹ́ láàárín ẹrẹ̀ bí ẹni tí kò ṣe nǹkan kan. Ó ní omi yìí mà lágbára o, ẹ wo bó ṣe jẹ gegele Bàbá.

“Ó lágbára,” ni Sàláúdéènì dá a lóhùn.

Nígbà tí ó padà wọlé, Rachel ti dé. Obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì ni, ilé wọn wà lódìkejì odò lápá ibi tí àwọn míṣọ́nnárì wà, omi kò dé ọ̀dọ̀ tirẹ̀. Ó ru ẹ̀wà gbígbẹ wá, igbá ńlá kan, ó sọ̀ ọ́ sílẹ̀ láàárín Àtọ́kẹ́ àti Èjìdé, ó ní bí wọ́n bá ti jà tán kí wọ́n rẹ eléyìí sómi, òun kò mọ̀ bóyá àlùfáà wọn máa ń jẹ ẹ̀wà kìrìsìtẹ́nì. Èjìdé ní ikùn àlùfáà ò ní ẹ̀sìn. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà ya Sàláúdéènì lẹ́nu. Ní ọ̀sẹ̀ kan sẹ́yìn, kò sí ẹni tó lè rẹ́rìn-ín nínú ilé yẹn.

Èjìdé ló fa èyí, ẹ jẹ́ ká fún un ní ẹ̀tọ́ rẹ̀. Ní ọjọ́ kẹta omi, gbogbo àdúgbò ń bá ara wọn jà. Ọkọ ń bú ìyàwó nítorí ìkòkò tó ti fọ́, aládùúgbò ń pe aládùúgbò lólè nítorí igi àjà tí omi gbé sí ojúde rẹ̀. Èjìdé gbé àpótí ìjókòó sábẹ́ igi ọdán níwájú ilé, ó ní kí ẹni tó bá fẹ́ wá sọ ibi tí òun wà nígbà tí omi dé. Kì í ṣe ẹkún, kì í ṣe àdúà, kó sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ dá a dúró. Ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ sọ pé ì bá ti ṣe báyìí. Bó bá sọ tán, yóò béèrè pé ṣé ẹ gbọ́ mi, wọ́n á dáhùn pé a gbọ́ ọ. Ó tán.

Àwọn ọkùnrin fi ṣẹ̀sín lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Wọ́n ní àwọn obìnrin ti rí ibi tí wọ́n máa ti ṣòfófó. Èèyàn mẹ́ta ló sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ kejì wọ́n di mẹ́wàá. Màmúdù oníṣẹ́ awọ, tí kò tíì fi nǹkan kan ẹnu láti ìgbà tí omi ti kó gbogbo awọ rẹ̀ lọ, wá sọ bó ṣe di òpó mú títí ilẹ̀ fi ṣú, bó ṣe ń pe orúkọ ìyá rẹ̀ tó ti kú tipẹ́. Bó ti sọ ọ́ tán, wọ́n ní a gbọ́ yín, ó ní kí wọ́n fún òun ní ẹ̀kọ. Obìnrin kan sọ bí òun ṣe gun òrùlé nínú ṣòkòtò ọkọ òun, tí ṣòkòtò sì já bọ́ sílẹ̀ níwájú gbogbo ọmọ ọkọ. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn, àwọn kan ò sì lè dá omi ojú náà dúró mọ́. Láti ọjọ́ náà ni àwọn ọmọdé ti ń sùn láìké.

Àwọn méjì ni kò tíì sọ tiwọn. Àṣàkẹ́ kò sọ, torí kò sí ẹni tó ní kó wá sọ. Sàláúdéènì náà kò sọ, torí ìgbàkígbà tí wọ́n bá ti jókòó, á ti rí ògiri kan tó yẹ kí òun lọ fi igi tì.

Àtọ́kẹ́ gbé ẹ̀kọ wá fún un nínú yàrá, ó kúnlẹ̀, kò sì dìde. Ó ní òun rí i lẹ́yìnkùlé láàárọ̀. Ó ní òun mọ ohun tó ń rò, òun ti mọ̀ ọ́n láti ọjọ́ tó ti ń gbẹ́ ibẹ̀, òun ni òun ń gbé omi mímu fún àwọn alágbàṣe.

“Bàbá Rábì, ẹ má ṣe é,” ó ní. “Ọmọ ti kú, ọ̀rọ̀ yín kò ní í jí i. Ilé mẹ́jọ yòókù máa dìde sí wa. Wọ́n á pè yín lọ sí kóòtù. Ta ló tún máa ní kí ẹ wá mọlé fún òun?”

Ó bi í pé Àṣàkẹ́ ńkọ́.

“Àṣàkẹ́ ṣì kéré. Ó máa lọ́kọ, ó máa bímọ.”

Kì í ṣe pé Àtọ́kẹ́ níkà nínú. Òun ló wẹ Sàlámì lọ́jọ́ tí wọ́n bí i, òun ló se omi ìwẹ̀ fún Àṣàkẹ́ fún ogójì ọjọ́. Ẹ̀rù ló ń bà á, ẹni tí ẹ̀rù bá sì ń bà kì í mọ ohun tó ń jáde lẹ́nu rẹ̀. Sàláúdéènì jẹ ẹ̀kọ náà. Kò mọ adùn rẹ̀, ṣùgbọ́n ó jẹ ẹ́ tán, nítorí ìgbà tó bá ń jẹun lọ́wọ́, kò sí ẹni tó máa ní kó sọ̀rọ̀.

Wọ́n kírun àìlà tán, àlùfáà wá, ó ṣàdúà, wọ́n pín àkàrà. Àbúrò bàbá Àṣàkẹ́ ti dé, bàbá kúkúrú kan tó ń ṣòwò iyọ̀, ó jókòó sí ìdí ògiri pẹ̀lú àkàrà rẹ̀ lọ́wọ́, kò jẹ ẹ́. Ojú ń tì í. Ẹrù Àṣàkẹ́ wà nínú ọ̀ọ̀dẹ̀, wọ́n ti dì í, igbá kan àti aṣọ tí kò ju ẹrù orí kan lọ. Àlùfáà dìde pé òun ń lọ. Gbogbo ojú wá sọ́dọ̀ Sàláúdéènì, pé kó sọ ohun tó yẹ kó sọ.

Kó tó sọ ọ́, Àṣàkẹ́ ti jáde. Ó lọ tààrà sábẹ́ igi ọdán, ó kúnlẹ̀ níwájú Èjìdé, ó ní kí òun tó lọ, òun fẹ́ sọ tòun. Àwọn kan yínmú. Èjìdé na ọwọ́ sí wọn, wọ́n dákẹ́. Ó ní kó jókòó, kó sọ ọ́.

“Mo sá aṣọ méje sórí àpáta,” Àṣàkẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n. “Òjò ṣú. Mo wo ọmọ, ó ń sùn, ó ti ta aṣọ kúrò lára bó ṣe máa ń ṣe. Mo fi aṣọ bò ó padà. Mo pa ilẹ̀kùn iwájú dé kí atẹ́gùn má bàa jí i. Mo sáré. Mo kó márùn-ún, mo fi méjì sílẹ̀, torí ọkàn mi kò balẹ̀. Nígbà tí mo padà dé, òjò ń rọ̀, ṣùgbọ́n omi tó wà ní ojúde kò tíì dé ọrùn ẹsẹ̀ mi. Mo ní Ọlọ́run ṣeun. Ilẹ̀kùn ṣì wà bí mo ṣe pa á dé. Mo tì í, kò ṣí. Mo fi èjìká tì í. Nígbà tó yẹ̀, omi ya lù mí láti inú ilé, ó gbé mi ṣubú. Mo dìde, mo wọlé, mo pè é. Mo ń fi ọwọ́ wá a nínú omi. Mo rí ẹní rẹ̀. Mo rí aṣọ tí mo fi bò ó. Mi ò rí i.” Ó gbójú sókè wò wọ́n. “Ṣé ẹ gbọ́ mi?”

“A gbọ́ ọ,” ni wọ́n dáhùn, àwọn tó yínmú náà dáhùn.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ náà wá ń wọ̀ wọ́n létí díẹ̀díẹ̀. Èèyàn rí i lójú wọn bó ṣe ń wọ̀ wọ́n. Omi ojúde kò tíì dé ọrùn ẹsẹ̀. Inú ilé kún. Màmúdù, tí ilé rẹ̀ kọjú sí tiwọn, gbàgbé òfin, ó béèrè lóhùn jẹ́ẹ́ pé ibo wá ni omi gbà wọlé? Àwọn kan wo ẹ̀yìnkùlé. Èjìdé kò wo ẹ̀yìnkùlé, àbúrò rẹ̀ ló ń wò.

Sàláúdéènì lè dákẹ́ síbẹ̀. Baálé ni, kò sí ẹni tó máa bi í. Wọ́n á ṣe bí ẹni tí kò gbọ́, wọ́n á dìde, wọ́n á kí i, wọ́n á relé, Àṣàkẹ́ á sì gbé ẹrù rẹ̀. Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ nínú ilé àgbà tí kò níye, ó sì ṣì ń ṣẹlẹ̀. Ohun tó wá dé bá a, kò mọ̀ ọ́n. Bóyá aṣọ tí ọmọ náà ta kúrò lára ni. Ó ti rí i tó ń ta á lọ́pọ̀ ìgbà. Ó ṣáà bá ara rẹ̀ lórí ìdúró.

“Èmi ni mo gbẹ́ gegele Bàbá,” ó ní. “Mo gbẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀rùn, mo fi mọ ilé ní Bẹẹrẹ. Mo ní mo máa dí i, mi ò dí i. Lọ́jọ́ tí òjò ṣú, Bẹẹrẹ ni mo wà. Mo rántí ihò náà. Mo rántí rẹ̀ dáadáa. Ṣùgbọ́n ògiri oníṣẹ́ ṣì tutù, òjò máa tú u, mo ní kí n kọ́kọ́ fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó. Mo ń fi ewé bo ògiri ẹlòmíràn lọ́wọ́ nígbà tí omi gba ihò mi wọlé. Nírọ̀lẹ́, ẹ bi mí pé báwo ló ṣe jẹ́, mo ní ìyá rẹ̀ kò sí nílé. Èmi náà kò sí nílé. Èmi ni mo yẹ kí n wà nílé.”

Ó gbàgbé láti béèrè. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ó rántí, ó ní, “Ṣé ẹ gbọ́ mi?”

Àwọn tí ilé wọn wó wà níbẹ̀, àwọn tó ti ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá pé ó ń bá wọn fi igi ti ògiri. Màmúdù tẹjú mọ́ ọwọ́ ara rẹ̀. Rachel bo ẹnu. Àtọ́kẹ́ ti wọlé lọ, wọ́n ń gbọ́ ẹkún rẹ̀ láti inú yàrá. Nígbà tó pẹ́ gan-an, Èjìdé ní, “A gbọ́ ọ,” òun nìkan. Àwọn méjì mẹ́ta wá tẹ̀ lé e. Àwọn tó kù kò sọ ọ́ rárá.

Àkíbù ló wá sún mọ́ ọn. Sàláúdéènì rò pé ó fẹ́ lu òun, ó sì wù ú kó lu òun. Àkíbù kò gbé ọwọ́ sókè.

“Láàárọ̀ yìí,” ó ní, “mo dúró tì yín níbẹ̀, mo ní omi lágbára. Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin náà sì ní ó lágbára.”

Ó kọjá lára rẹ̀, ó lọ dojú kọ ògiri, èjìká rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Ọjọ́ kẹjọ nìyẹn, ìgbà àkọ́kọ́ tó sunkún nìyẹn. Àwọn ọkùnrin méjì lọ dì í mú.

Sàláúdéènì yíjú sí oníyọ̀ tó wà ní ìdí ògiri. Ó dọ̀bálẹ̀ fún un lórí ẹrẹ̀ gbígbẹ, òun baálé, níwájú gbogbo ayé. Ó ní ìyàwó àwọn kò ṣẹ̀ nǹkan kan, òun ni òun ṣẹ̀, kí wọ́n má bínú, kò ní í lọ ibì kankan. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó pe Àṣàkẹ́, ó ní kó gbé ẹrù rẹ̀ padà sínú yàrá, pé láti òní lọ, ẹni tó bá tún sọ̀rọ̀ sí i nínú ilé yìí, òun ni yóò bá jà. Ara ti ń fúyẹ́ fún un bó ṣe ń sọ ọ́. Ó ti ń rí i bó ṣe máa rí, ẹrù tó ń padà wọlé, Àkíbù tó ń nu ojú, aró tó tún ń hó nínú ìkòkò.

Àṣàkẹ́ wọ ọ̀ọ̀dẹ̀ lọ. Ó gbé ẹrù náà jáde, ó sọ̀ ọ́ sílẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ àbúrò bàbá rẹ̀. Ó wá kúnlẹ̀ síwájú Sàláúdéènì. Ẹkún ti wà lójú rẹ̀ wàyí, ó ń ṣàn, kò nù ún.

“Bàbá,” ó ní, “láti ọjọ́ kìíní ni mo ti mọ̀. Èmi ni mo wá a nínú omi, mo rí ibi tí omi ń gbà wọlé, mo sì mọ ẹni tó gbẹ́ ibẹ̀. Mo ní kí n dákẹ́, pé ẹ̀yin lẹ jẹ́ baba, ẹ máa sọ ọ́ fúnra yín. Mo retí yín lọ́jọ́ tí ẹ sin ọmọ mi dé. Mo retí yín lọ́jọ́ kejì. Ọjọ́ kẹta, tí wọ́n ń pè mí lápọmọ, mo ń wo ẹnu yín. Ká ní ẹ sọ ọ́ nígbà náà, ǹ bá sunkún nínú ilé yìí, ǹ bá sì dúró.”

Ó kí i bí ìyàwó ṣe ń kí baálé ilé ọkọ rẹ̀, orí rẹ̀ kan ilẹ̀. Ó kí Èjìdé. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá, ó kí Àtọ́kẹ́ níbi tó gbé ń sunkún. Ó lọ bá Àkíbù, ó fi ọwọ́ kàn án léjìká lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn náà, oníyọ̀ gbé ẹrù náà lé e lórí, wọ́n gba ọ̀nà Pópó Yemọja.

Sàláúdéènì ṣì wà lórí ìdúró. Kò sí ẹni tó lé Àṣàkẹ́ o. Ó lọ fúnra rẹ̀.